Tọ́ọ̀ṣì àpò tí kò gbówó lórí: bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbági ni mo ti ń ta aṣọ n'Ìbàdàn, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí n tó délé. Mo ń wá tọ́ọ̀ṣì kékeré tó lè máa wà nínú báàgì mi lójoojúmọ́, tí mo lè fi rìn wọ àdúgbò, tí mo sì lè fi wo aṣọ bí wọ́n bá mú iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mẹ́ta ni mo ti rà, kò sí èyí tó lo oṣù mẹ́rin nínú wọn. Wọ́n kọ 9900 mAh sára bátìrì ọ̀kan, wọ́n sì kọ 10000 lumen sára páálí rẹ̀. Èwo ni kí n rà tí kò ní gbówó lórí, tí á sì tọ́jọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá.

Ohun tí oníbàárà sábà máa ń béèrè nídìí tọ́ọ̀ṣì ni bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ọlọ́jà á tẹ súìṣì, á tàn án sára ògiri, owó á sì jáde. Bẹ́ẹ̀ kò sí tọ́ọ̀ṣì tuntun tí kì í mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà. LED, ìyẹn ẹyọ iná kékeré tó ń mọ́lẹ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì, ti di nǹkan pọ́ọ́kú, ó sì ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ kú. Bátìrì ló ń kú, tàbí ihò tí a ń ki waya ṣájà bọ̀, tàbí súìṣì. Nítorí náà, irú bátìrì tí ẹ máa lè máa tọ́jú pẹ̀lú bí iná ṣe ń wá tó sì ń lọ n'Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti 9900 mAh yẹn ná. mAh ni wọ́n fi ń sọ iye iná tí bátìrì lè gbé. Bátìrì tó wà nínú irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 18650, nítorí pé ó fẹ̀ ní mílímítà 18, ó sì gùn ní mílímítà 65. Ohun tó lè wọ inú agolo tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní ààlà. Ojúlówó 18650 tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń wà láàrin 2000 sí 3500 mAh. Kò sí iléeṣẹ́ kankan tó ń ṣe èyí tó jẹ́ 9900. Ẹni tó bá sì lè purọ́ ìlọ́po mẹ́ta sára bátìrì, kò yẹ ká gbà á gbọ́ lórí nǹkan mìíràn tó kọ. Púpọ̀ nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í tó 1000 mAh. Àwọn mìíràn jẹ́ àlòkù tí wọ́n yọ nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n wá fi rọ́bà tuntun wé. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun lè tú àṣírí rẹ̀: ojúlówó ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50. Bí èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ bá wọn 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Ti 10000 lumen náà ṣeé fi ìṣirò yẹ̀ wò. Lumen ni wọ́n fi ń wọn àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lójú iná. LED tó dára, tí ẹ̀yà tó ń darí iná inú rẹ̀ náà dára, máa ń fún wa ní nǹkan bí 100 lumen lórí wáàtì kan. Bátìrì 18650 tó jẹ́ 3000 mAh ní 3.6 volt lè gbé nǹkan bíi wáàtì 11 fún wákàtí kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ń lo 100 lumen, ó lè lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ 500, wákàtí méjì. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ 10000 lumen nínú rẹ̀ ń béèrè wáàtì 100 lọ́wọ́ bátìrì kan ṣoṣo. Bátìrì yẹn ò lè tú u jáde láéláé. Ká tiẹ̀ ní ó lè ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ máa gbẹ, ooru rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí ẹ lè dì í mú.

Ẹ ò sọ bí àwọn méjì yòókù ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ oníke tó ní eyín méjì tí a ń fà jáde láti ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri, mo mọ ohun tó pa á. Bátìrì ásíìdì kékeré, ẹ̀yà ti ọkọ̀ àmọ́ tó jẹ́ volt 4, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bátìrì ásíìdì kì í fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ lófìfo. Bó bá gbẹ tí a kò ṣájì í fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun kan tó dà bí iyọ̀ á dì mọ́ irin inú rẹ̀, kò sì ní gba iná mọ́. Bí a bá tún ki í bọ iná ní alẹ́ tí a sùn lọ, kò ní ohun tó ń já iná nígbà tó bá kún, omi inú rẹ̀ á gbẹ, ara rẹ̀ á wú. Bó ṣe wà nìyẹn: ìgbà tí iná kò sí, ó ń kú, ìgbà tí iná pẹ́ lórí rẹ̀, ó ń kú.

Ohun tó tún burú jù nípa rẹ̀ ni bó ṣe ń gba iná. Kápásítọ̀ kan àti dáyóòdù mẹ́rin, àwọn ẹ̀yà iná kéékèèké, ló sábà máa ń wà láàrin sọ́kẹ́ẹ̀tì àti bátìrì. Kò sí tiransifọ́mà tó ya volt 220 sọ́tọ̀ kúrò lára inú tọ́ọ̀ṣì náà. Nígbà tó bá ń ṣájì, gbogbo irin inú rẹ̀ ni iná NEPA wà lára rẹ̀. Bí ike rẹ̀ bá ti sán, tàbí tí ọmọdé bá fi ọwọ́ tútù dì í mú lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè pa èèyàn. Mo bẹ̀ yín, bí irú rẹ̀ bá wà nílé, ẹ má ṣe tàn án nígbà tó wà lójú iná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láìjẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́. Bátìrì rẹ̀ tó ti kú, ẹ má dáná sun ún. Òjé ló wà nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ lóró.

Ó ku ọ̀nà méjì tó dára fún yín.

Àkọ́kọ́ ni tọ́ọ̀ṣì tó ń lo bátìrì AA kan ṣoṣo, irú èyí tó wà nínú aago ara ògiri. Òun ni mo máa yàn bó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń rà á fún yín. Kò ju ìka ọwọ́ gbọọrọ kan lọ, kò wúwo nínú báàgì, bí bátìrì bá sì kú lójijì lọ́nà, kò sí kíóòsì tí ẹ ò ti ní rí AA rà. Bí iná kò tiẹ̀ wá fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ò ní wà nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ má máa ra bátìrì lóòrèkóòrè, ẹ wá èyí tó ṣeé ṣájì tí wọ́n kọ NiMH sí lára, kí ẹ ra mẹ́rin, pẹ̀lú ṣájà tó ní iná kékeré tirẹ̀ fún bátìrì kọ̀ọ̀kan. Ṣájà tó jẹ́ pé méjì méjì ló ń ṣájì pọ̀ kì í mọ̀ bí ọ̀kan bá ti kún tí èkejì kò tíì kún.

Ojúlówó AA oníNiMH jẹ́ nǹkan bí 2000 mAh. Agbára ojúlówó tó pọ̀ jù kì í kọjá nǹkan bí 2800. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 4800 sí, irú irọ́ 9900 náà ni. Lára páálí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ pé wọ́n ti ṣájì í láti iléeṣẹ́ wá. Irú ìyẹn kì í tú agbára rẹ̀ nù bó bá wà nílẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Eneloop ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Volt 1.2 ni NiMH, alkaline, ìyẹn AA tí kò ṣeé ṣájì, sì jẹ́ 1.5, ṣùgbọ́n èyí kì í yọ tọ́ọ̀ṣì AA kan lẹ́nu, nítorí pé LED nílò nǹkan bíi volt 3, ẹ̀yà kan sì ti wà nínú orí rẹ̀ tó ń gbé iná bátìrì sókè. Bátìrì 2000 mAh kan máa fún yín ní 100 lumen fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Bí ẹ bá ń fi ogún ìṣẹ́jú rìn lálẹ́, ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá di dandan kí ẹ ra AA lásán lójú ọ̀nà, ẹ béèrè alkaline. Èyí tí wọ́n kọ "heavy duty" sí ni agbára rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ dún bí ẹni tó lágbára, òun ló sì tètè máa ń jò.

Ọ̀nà kejì ni tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì lithium, 18650, tó ní ihò Type-C lára, tí bátìrì rẹ̀ sì ṣeé yọ. Èyí á wúlò fún yín bí ẹ bá ti ń gbé pawa bánkì kiri, nítorí pé waya fóònù yín náà lẹ máa lò. Ó mọ́lẹ̀ ju AA lọ, ó ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó sanra díẹ̀. Pé ó ṣeé yọ ṣe pàtàkì sí mi gan-an: bátìrì lithium á rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bí wọ́n bá sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, gbogbo tọ́ọ̀ṣì lẹ máa sọ nù nítorí bátìrì kan. Tọ́ọ̀ṣì 9900 yín gan-an lè má tíì kú. Bó bá ṣeé tú ní ìdí, ẹ ki ojúlówó 18650 sí i kí ẹ wò ó. Ẹ kíyè sí gígùn rẹ̀ o: àwọn kan ní pẹpẹ ààbò kékeré ní ìdí, èyí tó mú kí wọ́n gùn tó mílímítà 69, wọn kì í sì í wọ gbogbo tọ́ọ̀ṣì.

Nǹkan kan ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nípa ihò Type-C yìí. Tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń gba iná bó bá jẹ́ waya tó ní orí USB gbọọrọ àtijọ́ ní ìdí kan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi waya tó jẹ́ Type-C ní ìdí méjèèjì sí ṣájà fóònù tuntun, kò ní gbà rárá. Èèyàn á ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́: iléeṣẹ́ fo resistor kékeré méjì tó yẹ kó sọ fún ṣájà pé kó tú iná sílẹ̀. Ẹ fi waya àtijọ́ ṣájì í.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo lórí ìwọ̀n: bátìrì kan wà tí wọ́n ń pè ní 14500, ó rí bí AA gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n volt 3.7 ni. Bí ẹ bá ki í bọ tọ́ọ̀ṣì AA tí ìwé rẹ̀ kò sọ pé ó gbà á, orí rẹ̀ lè jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì ki í bọ rìmóòtù tàbí aago láé.

Ẹ jìnnà sí àwọn alumíníọ̀mù kékeré olójú LED 9 tó ń lo bátìrì AAA (tó kéré ju AA lọ) mẹ́ta nínú ike róbótó. Kò sóhun tó ń darí iná nínú wọn, nítorí náà láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ wọn ti ń lọ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú bátìrì mẹ́ta náà bá sì tètè rẹ̀, àwọn méjì yòókù á fipá gba inú rẹ̀ kọjá títí yóò fi jò. Àwọn tí a ń fa orí wọn síwá sẹ́yìn láti mú iná fẹ̀ tàbí kó tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò yẹ fún báàgì: ibi tó ń fà yẹn ni omi àti eruku ń gbà wọlé. Ti fóònù, ó dára láti fi wá kọ́kọ́rọ́, àmọ́ kí lẹ máa fi pe èèyàn bó bá gbẹ tán lójú ọ̀nà?

Lumen mélòó wá ni? Kéré sí ohun tí ọlọ́jà máa sọ. Láti wo inú báàgì tàbí ka owó, 5 sí 15 tó. Nínú yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù, 30 sí 50. Láti rìn lójú ọ̀nà tí gọ́tà àti kòtò wà, 100 sí 150 tó yín rékọjá, pàápàá bí iná náà bá fẹ̀ tí kì í ṣe olójú tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú wa kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí òǹkà ṣe ń kà á: kí iná kan tó dà bí ìlọ́po méjì òmíràn lójú yín, ó ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ní lumen. Ìyàtọ̀ 100 sí 130 kò sí lójú ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe sanwó lé e. Ohun tó yẹ kí ẹ sanwó lé ni pé kó ní ìpele mẹ́ta tí a lè yàn, kó sì jẹ́ láti orí èyí tó kéré ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpele tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọjá lára rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ń yí ìpele, máa sú yín láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹ bá rí ANSI FL1 lára páálí, ìlànà ìdíwọ̀n ni, ó sì wúlò. Lábẹ́ rẹ̀, láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tan iná ni wọ́n ń wọn lumen, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé iye wákàtí tí wọ́n kọ parí sí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ wákàtí yẹn lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ rádaràda.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kan iṣẹ́ yín gan-an, òun sì ni ọlọ́jà tọ́ọ̀ṣì kì í mẹ́nu bà. Wọ́n máa ń fi òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní CRI sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn tó, 100 sì ni òpin rẹ̀. LED olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wà ní nǹkan bí 70. Lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, pupa ni ó kọ́kọ́ ń ṣá: léèsì aláwọ̀ wáìnì á dà bíi búráùn, àwọ̀ osùn á kú, nefi búlúù àti dúdú á di ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fi gèlè bá aṣọ ẹbí mu lábẹ́ rẹ̀ lè dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ wá CRI 90 sókè, kí àwọ̀ iná náà sì wà láàrin 4000K sí 5000K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná), èyí tó sún mọ́ ojú ọ̀sán. Iná 6500K tó funfun tó sì fà sí búlúù ló pọ̀ jù lọ́jà nítorí pé ó ń dán lójú oníbàárà. Èyí tí CRI rẹ̀ ga máa ń dín díẹ̀ ní lumen sí ẹgbẹ́ rẹ̀, bátìrì kan náà, owó kan náà. Fún aláṣọ, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà bíi Sofirn, Convoy àti Wurkkos ń ṣe irú rẹ̀ ní owó tí kò ga, wọ́n sì sábà máa ń kọ irú LED tí wọ́n lò síta.

Bí kò bá sí ohun tí wọ́n kọ, ẹ mú pélébé aṣọ mẹ́rin dání lọ ra tọ́ọ̀ṣì: wáìnì, búráùn, nefi, dúdú. Ẹ wò wọ́n níta lójú oòrùn, kí ẹ wá kó wọn sí abẹ́ tábìlì tàbí inú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tan iná sí wọn. Bí ẹ ò bá lè ya wáìnì sọ́tọ̀ kúrò lára búráùn, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tan kámẹ́rà fóònù, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí iná ń tàn sí lára ògiri ní ìpele tó kéré. Bí ìlà dúdú bá ń rìn lójú fóònù, iná yẹn ń tàn ó ń kú léraléra, ó máa ń rẹ ojú tí ẹ bá ń kàwé tàbí tí ẹ bá ń ránṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tú ìdí rẹ̀: kí ojú ìdè rẹ̀ yí geere láìha, kí rọ́bà róbótó wà níbi tí méjèèjì ti pàdé, kí sípíríǹgì inú rẹ̀ le. Ẹ gbá a lọ́wọ́ díẹ̀ nígbà tó ń tàn. Bó bá ṣẹ́jú, ìsopọ̀ inú rẹ̀ kò dúró. Ní ti òjò, IPX4 túmọ̀ sí pé omi tó ta sí i kò ní ṣe é ní nǹkan, IPX7 sì ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fún báàgì, IPX4 tó.

Súìṣì tó wà ní ìdí, tó le díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò, ló dára jù nínú báàgì. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì rọ̀ á tan fúnra rẹ̀ láàrin kọ́kọ́rọ́ àti owó. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn lẹ rà, ẹ tú ìdí rẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan nígbà tí ẹ kò bá lò ó. Lára èyí tí ojú ìdè rẹ̀ ní àwọ̀ tí kò dán bí irin lásán, ìyẹn máa já iná pátápátá.

Nínú ilé, ẹ má ṣe jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì kékeré ara kọ́kọ́rọ́ tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o. Bí ọmọ bá gbé e mì, láàrin wákàtí méjì ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bátìrì lithium, ẹ ṣájì í nígbà tí ẹ bá wà nítòsí, lórí tábìlì tàbí sìmẹ́ńtì, má ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má dúró kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó ṣájì í, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Ti AA, ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lo tọ́ọ̀ṣì fún oṣù kan. Bí alkaline bá ti jò tí nǹkan funfun bo sípíríǹgì, ẹ fi òwú tí ẹ tẹ díẹ̀ bọ inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, torí ásíìdì rẹ̀ ló ń pa oró yẹn. Ẹ tún fi òwú míràn tó ní spirit nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó ki bátìrì tuntun sí i. Bí tọ́ọ̀ṣì bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn oṣù mélòó kan láìsí ohun tó jò, ẹ kọ́kọ́ fi spirit yẹn nu etí ìdè rẹ̀ àti orí bátìrì méjèèjì, nítorí pé eruku níbẹ̀ ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà.